Ọmọ Tó Há Sẹ́yìn Ògiri

Milwaukee,
6 Oṣù Kejì, 1994

Colette ọmọ mi,

Báwo ni gbogbo yín níbẹ̀? Ọkọ rẹ Alistair ńkọ́? Oyún inú rẹ ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí o sùn? Èmi wà bí mo ṣe wà. Yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, Irma tó ń gbé ní òdìkejì òpópónà sì ti bá mi kó o kúrò kí n tó rí ṣọ́bìrì mi. Ó ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé ọ̀lẹ ni mí. Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn.

Mo fi àpótí kan ránṣẹ́ sí ọ. Kámẹ́rà olójú méjì ló wà nínú rẹ̀, Realist tí wọ́n ṣe níhìn-ín nílùú wa kí a tó bí ọ. Opó tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà àlòkù ṣọ́ọ̀ṣì rò pé awò tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ lókèèrè ni. Ó ní òun kò tíì rí ẹyẹ kankan nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú. Nínú gbogbo kámẹ́rà tó kún yàrá abẹ́ ilé mi, òun ló gbọ́ràn jù. N kò ní máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, orí ẹsẹ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Ojú òsì á ya tirẹ̀, ojú ọ̀tún á ya tirẹ̀. Bí a bá tò wọ́n sínú férémù tí a sì gbé wọn sínú awò tí a ń fi ojú méjèèjì wò, ẹni inú àwòrán á dìde, á wá jókòó síwájú wa.

Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Tẹ́lẹ̀, fíìmù lo máa ń fi ránṣẹ́, èmi á gé e, èmi á tò ó. Láti ìsinsìnyí, ìwọ fúnra rẹ ni kí o máa ṣe é. Ọwọ́ mi kún. Mo ti kó férémù tó pọ̀ sínú àpótí náà.

Ní ti pé kí n wá bá yín nígbà tí o bá bímọ, mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò lè wá. Kí ni mo fẹ́ wá lọ sí ìsàlẹ̀ ayé lọ́jọ́ ogbó, níbi tí ẹ ti ń ṣọdún Kérésì nínú oòrùn? Ya ọmọ náà fún mi. Tí mo bá ti gbé e sínú awò, inú yàrá kan náà ni èmi pẹ̀lú yín wà. Ìyẹn tó mi.

Bàbá rẹ,
Norbert


Dunedin,
28 Oṣù Kẹta, 1994

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú oríire o, ẹ ti di bàbá àgbà. Obìnrin ni. Maeve la sọ ọ́. Ara mi ti ń le. Alistair ló ń se oúnjẹ, nítorí náà ẹran àgùntàn àti ọ̀dùnkún là ń jẹ láàárọ̀, òun náà là ń jẹ lálẹ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní àwọn òdòdó inú ọgbà ìlú á dúró dè mí.

Kámẹ́rà dé láìfọ́. Mo ya Maeve nínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ onígi, ògiri tí a lẹ bébà olódòdó mọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọ fíìmù náà tán, orí tábìlì ìdáná ni mo ti gé e, tí mo tò ó, tí Alistair ń gbé àtùpà sókè tó sì ń mí sí mi létí. Bàbá, ẹ kọ́ mi ní yíyà, ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan títò rí. Ẹ máa ń ní bọ́tà ló wà ní ìka mi, pé nǹkan máa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ tún gbàgbé láti fi awò sínú àpótí, torí náà n kò tíì rí àwọn àwòrán yìí bó ṣe yẹ kí a rí wọn. Mo kàn gbé wọn sí ojú fèrèsé, mo rí ọmọ mi ní méjì, mo sì dì wọ́n.

Mo fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí yín nínú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá wọn padà bí ẹ ṣe dá àwòrán ìgbéyàwó wa tí oníṣẹ́ fọ́tò bá wa tò padà nítorí pé ẹ̀gbẹ́ òsì fi ìwọ̀n irun orí kan ga ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ. Ìyá ìkókó ni mí, omijé mi kò jìnnà.

Mo ṣì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wá. Kò sí òtútù níbí tó dà bíi ti Milwaukee, a sì ní yàrá. Ẹ bá mi kí Àǹtí Irma.

Ọmọ yín,
Colette


Milwaukee,
17 Oṣù Kẹrin, 1994

Colette ọmọ mi,

A kú ewu ọmọ. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó jẹ ẹja díndín ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ẹtì, títí kan àwọn tí kò béèrè. Maeve. Ta ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdílé wa? Ìyá rẹ Verna ì bá ti ní ohun tó máa sọ sí i, lẹ́yìn náà á sì máa fi orúkọ náà kọrin kiri inú ilé.

Àwọn àwòrán náà dé. Wọ́n dára. Wọ́n dára gan-an ni. Mo gbé wọn sínú awò, ọmọ náà yọ sí mi bí ẹni pé kí n kàn na ọwọ́ gbé e. Kò sí ohun tí n ó tún ṣe nínú wọn. Bọ́tà ti kúrò ní ìka rẹ.

Níhìn-ín, kò sí nǹkan tuntun. Mo ti fi eré yíyí bọ́ọ̀lù lu igi sílẹ̀, ariwo ibẹ̀ ti ń pọ̀ jù fún mi. Irma ra aṣọ tábìlì tuntun fún mi, mo sì da kọfí sí i lọ́jọ́ kan náà; ó ní ìṣe mi ni láti ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́. Òpó ilé mọ́tò ha mọ́tò mi lára. Mo ti bá òpó náà wí.

Má ṣe bẹ̀ mí mọ́ pé kí n wá. Fi àwòrán ránṣẹ́.

Bàbá rẹ,
Norbert


Dunedin,
12 Oṣù Karùn-ún, 1994

Bàbá mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Maeve ti ń rẹ́rìn-ín, àwọn àga ló sì fẹ́ràn láti máa rẹ́rìn-ín sí ju èmi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lẹ́tà yín ṣe rí lára mi. Mo kà á sókè fún Alistair, mo ní kó jókòó, mo tún kà á. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ ò tíì sọ fún mi rí pé kò sí ohun tí ẹ máa tún ṣe nínú nǹkan tí mo fọwọ́ mi ṣe. Mo fi lẹ́tà náà sínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, mò ń gbé e kiri láàárín òdòdó.

Ọ̀gbẹ́ni McCrae wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n, wọ́n ti pín lẹ́tà ní ìlú yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àwọn náà sì ń kó kámẹ́rà olójú méjì jọ bíi tiyín. Realist ni wọ́n wá wò, wọ́n sì gbé awò tiwọn dání. Àwòrán tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi nínú fíìmù kan náà ni mo kó fún wọn, bákan náà ni mo sì to gbogbo rẹ̀. Wọ́n wò ó. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìyáàfin, ta ló ti ọmọ yìí mọ́ ẹ̀yìn ògiri?"

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo wò ó. Bàbá, mo fi òsì sí ọ̀tún, mo fi ọ̀tún sí òsì. Ògiri ló wà níwájú, òdòdó rẹ̀ ń yọ sí mi lójú, Maeve wá há sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbẹ́ ihò fún. Imú rẹ̀ wọnú lọ. Kò sí ẹni tó mọ awò tí kò ní rí i kí ó tó jókòó dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ rí ìwọ̀n irun orí kan, báwo ni ẹ ò ṣe rí èyí? Mo ti rò ó títí. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹ ò wò ó rárá, ẹ kàn kọ ọ̀rọ̀ dídùn sí mi kí n lè yéé dà yín láàmú. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó dùn mí. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí nìyẹn.

Mo ti tún wọn tò, mo fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ wò wọ́n lọ́tẹ̀ yìí.

Colette


Milwaukee,
3 Oṣù Kẹfà, 1994

Colette,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Inú mi kò dùn sí i.

Mo wo àwòrán náà. Mo rí i pé o gbé òsì sí ọ̀tún. Èmi tí mo ti ń to àwòrán kí o tó mọ ọwọ́ rẹ ọ̀tún, ṣé n kò ní rí i ni? N kò fẹ́ bá ìyá ìkókó wí ni. Ìwọ náà lo ní omijé rẹ kò jìnnà. Bí mo bá wí, mo le jù. Bí n kò bá wí, n kò fẹ́ràn ọmọ ọmọ mi. Kí wá ni kí bàbá ṣe?

Àwọn tí o tún tò dára. Ṣùgbọ́n má fi olójú méjì ránṣẹ́ mọ́, wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tó ń tọ́ ọmọ. Ya ti orí bébà fún mi, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Mo ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kámẹ́rà mi fún ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tà á ní ọjà àlòkù. Yàrá abẹ́ ilé ti há jù. Oòrùn ti ń mú, Irma ti gbin tòmátì.

Norbert


Dunedin,
24 Oṣù Kẹfà, 1994

Bàbá mi,

Àwòrán orí bébà. Ẹ̀yin. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, tí wọ́n bá ya wá ti orí bébà, ẹ máa ń fi ìka kàn án, ẹ máa ń ní òkú àwòrán ni.

Mo ka gbogbo lẹ́tà yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọfí tó lọ sórí aṣọ tábìlì. Òpó tó ti wà ní ojú kan láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ́ ilé. Ẹ kò fẹ́ tò mọ́, ẹ kò fẹ́ yí bọ́ọ̀lù mọ́, ẹ sì wá ń kó kámẹ́rà tí màmá mi bá yín jà lé lórí jáde bí ẹní kó aṣọ tó ti gbó.

Alistair ní kí n to àwòrán kan fún yín tí òsì àti ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tí kò ní lè dìde nínú awò, kí n wá wo ohun tí ẹ máa sọ. Mo kọ̀. N kò ní dẹ tàkúté fún bàbá tó bí mi. Màá béèrè ni.

Ojú wo ni kò ríran mọ́, Bàbá?

Colette


Dunedin,
8 Oṣù Kẹjọ, 1994

Bàbá mi,

Ẹ ò dá mi lóhùn. Mo pè yín lórí fóònù, ẹ ní dáadáa lẹ wà, ẹ ní òjò rọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Mo tún pè, Àǹtí Irma ló gbé e. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ, ẹnu bàbá rẹ ni ó ti máa jáde. Ṣùgbọ́n ìwọ má dákẹ́ o."

N kò ní dákẹ́. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ẹ̀ ń rò pé ẹ̀ ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi kí n lè sùn, n kò sì sùn láti ìgbà yẹn. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ọ́ sí bébà pé ẹ̀ ń bínú. Orúkọ yín nìkan ṣoṣo tó mi.

Maeve ti hu eyín kan. Ó fi ge Alistair jẹ.

Ọmọ yín,
Colette


Milwaukee,
29 Oṣù Kẹjọ, 1994

Colette ọmọ mi,

Ojú òsì ni.

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, mò ń múra fún ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, mo rò pé nǹkan bo awò ojú mi. Mo yọ awò, mo nù ún, mo tún un wọ̀. Kì í ṣe awò. Dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́yìn ojú náà ló dí, ohun tó sì ti lọ ti lọ. Èyí tó kù ń ríran dáadáa. Irma ló ń wa mọ́tò fún mi báyìí, ó ń wà á bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Má ṣe rò pé mo jókòó sínú òkùnkùn.

N ó sọ ìdí tí n kò fi sọ, n kò sì ní tún un sọ mọ́. O mọ àwòrán ìyá rẹ létí adágún, tó ń jẹ wàrà dídì, tó na ṣíbí rẹ̀ sí mi pé kí n tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú, mo máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, mo máa ń gbé e sínú awò. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń jáde wá bá mi. Ṣíbí náà máa ń wà ní iwájú imú mi gan-an, lẹ́yìn rẹ̀ ọwọ́, lẹ́yìn ọwọ́ ojú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn ojú rẹ̀ omi tó lọ títí. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún ọ báyìí, má sọ fún Irma.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo sọ̀kalẹ̀, mo wò ó. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bíi sítáǹpù. Ṣíbí, ọwọ́, ojú, omi, ojú kan náà ni gbogbo wọn wà. Ọdún kẹfà rèé tí a ti sin ín, Colette, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó kú. Mo sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn n kò lè máa wo àwọn kámẹ́rà náà kí wọ́n máa wò mí.

Nígbà tí Maeve dé, mo gbé e sínú awò, mo bẹ ojú mi. Ó rí pẹlẹbẹ. Mo wá kọ ohun tó yẹ kí n rí sí ọ. Irọ́ ni. Ìgbà tí o sọ pé o gbé lẹ́tà yẹn sínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ, ojú tì mí gidigidi.

Má ṣe sọ pé o ń bọ̀ wá ṣọ́ mi. N kò tọ́ ọ dàgbà kí o lè wá máa bu kọfí fún mi. Ilé rẹ, ọkọ rẹ àti òdòdó rẹ wà níbẹ̀ yẹn.

Bàbá rẹ,
Norbert


Dunedin,
20 Oṣù Kẹsàn-án, 1994

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún mi. Inú ọgbà ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sunkún títí ọ̀gá mi fi ní kí n máa lọ sílé. Mo bínú sí yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tí ẹ ti ń gbé e nìkan. Mo tún bínú sí ara mi pé mo sọ pé ẹ ò wo ọmọ mi.

Ní ti màmá mi, n kò ní ọ̀rọ̀ tó tó o. N kò mọ̀ pé ẹ ṣì ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo fi aṣọ di ojú òsì mi láti àárọ̀, mo ní kí n mọ bó ṣe ń rí. Tíì tí mo bù, orí tábìlì ló lọ. Mo na ọwọ́ sí ìlẹ̀kùn, afẹ́fẹ́ ni mo gbá mú. Mo fi èjìká gbá ara ògiri, Alistair rẹ́rìn-ín, ó sì kábàámọ̀ rẹ̀. Títí di ọ̀sán, gbogbo ilé mi di àwòrán orí bébà, inú sì ń bí mi sí gbogbo nǹkan inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Maeve jí tó ké, mo sì lọ gbé e. Bàbá, bí mo ṣe gbé e báyìí, mo gbàgbé pé ojú mi wà ní dídì. Ó wúwo. Orí rẹ̀ gbóná lábẹ́ àgbọ̀n mi, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lọ́rùn mi, ó ń fi èkejì fa aṣọ tí mo fi di ojú. Kò sí pẹlẹbẹ kankan níbẹ̀. Mo jókòó pẹ̀lú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

N kò ní wá ṣọ́ yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọrùn ọmọ tiwa yìí ti ń le, láìpẹ́ á máa sá fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e. Àwòrán kò lè ṣe é fún yín mọ́, mo mọ̀, n kò sì ní purọ́ pé ó lè ṣe é. Ẹ wá gbé e.

Ọmọ yín,
Colette


Milwaukee,
14 Oṣù Kẹwàá, 1994

Colette ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Eyín Maeve ńkọ́, ó ti pé mélòó báyìí?

Ìwé ìrìnnà mi ti jáde. Irma ló wà mí lọ ya fọ́tò rẹ̀. Nínú fọ́tò náà, mo jọ ọkùnrin tó jí pẹ́pẹ́yẹ gbé. Irma ti ra àpò tuntun fún mi, ó ti kó aṣọ sí i, ó ti kó o jáde, ó ti tún un kó. Ó ń ṣe bí ẹni pé ara tù ú pé mo ń lọ, ṣùgbọ́n lánàá mo bá a tó ń nu ojú nínú ọgbà tòmátì, ó ní kòkòrò ló kó sí òun lójú. Mo ní kí ó ṣọ́ra, ojú kì í ṣe nǹkan eré. Ó fi bàtà gbá mi.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú máa gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Kámẹ́rà kan ṣẹ́kù tí n kò fún ṣọ́ọ̀ṣì, màá mú un dání. Mo ti ń fi okùn wọn ibi tí nǹkan wà kí n tó yà á, Irma ló ń di etí kejì okùn mú, ó ń ráhùn. Àwọn tó wo àwòrán náà nínú awò ní ó ṣì ń dìde. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí, n ó sọ ọ́ fún ọ. Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọjọ́ tí mo bá jáde síta níbẹ̀, ẹ má ṣe dúró sí ọwọ́ òsì mi, n kò ní rí yín, ẹ ó sì rò pé mo kọjá yín. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ dúró sí. Bí o bá sì fẹ́ gbé ọmọ náà fún mi, má nà án sí mi láti òkèèrè. Mo lè na ọwọ́ kí ó má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sún mọ́ mi, gbé e lé mi láyà, kí o má sì tíì fi í sílẹ̀ títí n ó fi sọ fún ọ pé mo ti mọ ibi tó wà.

Bàbá rẹ,
Norbert